Àlàfo Lára Apá Ọkọ̀ Òfurufú: Ìtàn Kan Tó Kan Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìfáàrà

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìlú Àkúrẹ́ ń retí òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, ẹni tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 2003 títí di oṣù kejì ọdún 2009. Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ni ó jáde láyé. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kí ọkọ̀ òfurufú gbé e láti Èkó wá sí Àkúrẹ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sí agbègbè Òkìtìpupa tí í ṣe ilẹ̀ baba rẹ̀. Ọkọ̀ náà, EMB 120 tí ilé-iṣẹ́ Associated Aviation ń lò, kò dé. Ó já lulẹ̀ nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan tó gbéra. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Lára wọn ni Dèjì Fálaè, kọmíṣọ́nnà fún àṣà àti ìrìnàjò afẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọ Olóyè Olú Fálaè ti ìlú Àkúrẹ́.

Agagu fúnra rẹ̀ ti ṣe mínísítà fún ètò ìrìnnà ojú òfurufú láàárín ọdún 1999 sí 2000. Gómìnà tó wà lórí àlééfà lọ́jọ́ náà, Dókítà Olúṣẹ́gun Mimiko, ọmọ ìlú Oǹdó, ni ilé-ẹjọ́ gbé ipò náà lé lọ́wọ́ láti ọwọ́ Agagu ní ọdún 2009. Níbi tí irú nǹkan báwọ̀nyí bá ti pàdé, àhesọ kì í pẹ́ hù, ó sì máa ń yára ju ìwádìí lọ. Ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, Àjọ Aṣèwádìí Jàǹbá Ọkọ̀ Òfurufú, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí AIB, gbé ìjábọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ jáde láti inú àpótí tó ń gba ohùn àwọn awakọ̀ sílẹ̀. Nínú ìjábọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́jọ́ náà kò gbọ́ rí: fíláàpù.

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ tún ẹjọ́ jàǹbá náà dá. Ìtàn fíláàpù, àti ní pàtàkì ìtàn àlàfo tóóró tó máa ń wà láàárín fíláàpù àti apá, ni ó gbájú mọ́. Ìtàn náà ṣe kókó fún ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé fún ọdún tó lé ní 50, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ń lo àlàfo yìí lọ́nà tó tọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tí kò tọ́.

Ohun tó ń gbé ọkọ̀ dúró lójú òfurufú

Bí apá bá ti ń la afẹ́fẹ́ kọjá, ó ń darí afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń ti apá sókè. Lásìkò kan náà, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó wà lórí apá ń dín kù sí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìwé kan máa ń mú ọ̀kan nínú àlàyé méjèèjì wọ̀nyí, wọ́n á sì fi í bá èkejì jà. Ìjà náà kò nídìí, nítorí ojú méjì tí a fi ń wo ohun kan ṣoṣo ni wọ́n. Ohun náà ni a ó máa pè ní agbára ìgbéga.

Agbára ìgbéga kò bá eré rìn lẹ́sẹẹsẹ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìgbéga á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá dín sí ìdajì, ìdá mẹ́rin péré ni yóò kù. Ibí yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Apá tó kéré, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ló dára fún ọkọ̀ tó ń sáré lókè, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò ní fà á sẹ́yìn púpọ̀. Ṣùgbọ́n apá kékeré yìí kan náà ni ọkọ̀ ní láti fi gbéra, kí ó sì fi balẹ̀, nígbà tí eré rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ṣe apá fún òkè yóò jìyà nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é fún ilẹ̀ yóò jìyà lókè.

Awakọ̀ lè gbé imú ọkọ̀ sókè kí apá lè kojú afẹ́fẹ́ sí i. Èyí ń mú agbára ìgbéga pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Lórí ọ̀pọ̀ apá, bí ìdagun náà bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 15, afẹ́fẹ́ orí apá á bọ́ kúrò lára rẹ̀, á di rúdurùdu, agbára ìgbéga á sì wó lulẹ̀. A ó pe èyí ní ìdákú apá. Ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra níbí, nítorí pé nígbà tí ọmọ ilé-ìwé bá gbọ́ pé ọkọ̀ òfurufú dákú, ọkọ̀ ilẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú títì ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ẹ́ńjìnnì lè máa ké bí ó ti ń ké tẹ́lẹ̀ kí apá sì dákú.

Kí ló ń mú kí afẹ́fẹ́ bọ́? Afẹ́fẹ́ tó fara kan awọ apá gan-an kì í sáré bí ti èyí tó jìnnà sí i, nítorí pé awọ náà ń dá a dúró. Bí ó sì ti ń lọ sí ẹ̀yìn apá, ìtẹ̀ tó ń bá pàdé níwájú ń pọ̀ sí i. Kí a wo ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, tó ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá tó sì bá òkè pàdé. Bí eré tó bá bọ̀ bá tó, yóò gun òkè náà já. Bí ẹnì kan bá ti ń tẹ bíréèkì fún un láti ìsàlẹ̀ wá, yóò dúró sí agbede òkè, kẹ̀kẹ́ á sì fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ awọ apá ni ẹni tí wọ́n ń tẹ bíréèkì fún. Bí imú ọkọ̀ bá ṣe ń lọ sókè ni òkè tó fẹ́ gùn ń ga sí i.

Láti Göttingen dé Cricklewood

Ní ọdún 1917, Gustav Lachmann, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan tó ń kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú, já lulẹ̀ nítorí ìdákú apá. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí ronú pé bí a bá la apá sí ọ̀nà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì fi àlàfo sáàárín wọn, afẹ́fẹ́ lè má tètè bọ́. Ó gbé àbá náà lọ sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá sílẹ̀ ní ọdún 1918. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ kò ṣòro láti lóye: gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa apá nígbà náà ló gbà pé ìtẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ti òkè kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà bá ara wọn pàdé. Lójú wọn, ẹni tó bá dá ihò sára apá dà bí ẹni tó dá ihò sára ìkòkò omi.

Lachmann gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ludwig Prandtl lọ ní Göttingen, ẹni tó mọ̀ nípa ìṣíkiri afẹ́fẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ láyé ìgbà náà. Prandtl dán an wò nínú ihò ẹ̀fúùfù, agbára ìgbéga tó pọ̀ jù lọ tí apá náà lè ní sì fi ohun tó ju ìdajì lọ lé sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ́fíìsì náà yí ohùn padà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Handley Page, ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ní Cricklewood ní Lọ́ńdọ̀nù, ti dé ibi kan náà láìmọ̀ nípa Lachmann. Ọdún 1919 ni òun wá ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni Ondo Boys' High School ṣí ilẹ̀kùn ní ìlú Oǹdó lábẹ́ ìdarí Kánọ́ọ̀nù M. C. Adéyẹmí, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà ní ọdún 1963. Ọmọ tó wọ kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Oǹdó àti apá tó ní àlàfo jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ó yẹ kí èyí mú kí a dẹ́kun àti máa sọ̀rọ̀ nípa irú ìmọ̀ yìí bí ẹni pé ìgbà láéláé ni ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1920, Handley Page so àlàfo mọ́ ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n ń pè ní DH.9, ó sì fi í fò. Ìdílé ọkọ̀ yìí kan náà wá dé ilẹ̀ wa. DH.9A mẹ́ta ni ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà láti Kairo dé Kánò ní ọdún 1925, Arthur Coningham sì ni aṣáájú wọn. Àwọn tó dé Kánò kò ní àlàfo lára apá. Apá gbọọrọ lásán ni wọ́n ní, wọ́n sì ní láti fi ọgbọ́n balẹ̀.

Handley Page àti Lachmann kò bá ara wọn ṣe ẹjọ́. Wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan, Lachmann sì wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Handley Page ní ọdún 1929. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà fi gba orúkọ ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní iwájú apá tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ á tẹ̀ ẹ́ mọ́ apá. Bí imú bá gòkè jù, afẹ́fẹ́ náà á fà á jáde, àlàfo á sì yọ. Awakọ̀ kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹyẹ ti ní irú rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá wo àwòdì nígbà tó fẹ́ bà yóò rí ìyẹ́ kékeré kan tó máa ń yọ sókè ní iwájú apá rẹ̀, ní ibi tí àtàǹpàkò ìbá wà.

Ní ti etí ẹ̀yìn apá, ará Amẹ́ríkà kan, Harlan Fowler, ló mú ìyípadà tó tóbi jù wá. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni ó fi owó ara rẹ̀ ṣe fíláàpù tí kì í tẹ̀ sísàlẹ̀ lásán, tó kọ́kọ́ ń yọ́ sẹ́yìn kó tó tẹ̀. Apá á fẹ̀ sí i, yóò tẹ̀ sí i, àlàfo á sì ṣí láàárín fíláàpù àti apá, nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ èrò Lockheed 14, tó fò ní ọdún 1937, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Kí a fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Bí ọkọ̀ kan tí kò na fíláàpù bá nílò eré 140 kí apá rẹ̀ má bàa dákú, tí fíláàpù oníàlàfo sì sọ agbára apá náà di ìlọ́po méjì, eré 99 yóò tó o, nítorí pé gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì ti 2 ni a ó fi pín 140. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú ńlá lè balẹ̀ sí ojú ọ̀nà tó mọ níwọ̀n, kó sì dúró kí ojú ọ̀nà náà tó tán.

Àlàyé tí wọ́n tún ṣe

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ìwé ń kọ́ni ni pé afẹ́fẹ́ tó ní agbára púpọ̀ ń tú gba inú àlàfo láti ìsàlẹ̀ apá, ó sì ń fẹ́ agbára lu afẹ́fẹ́ tó ti rẹ̀ lókè, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ná mọ́. Àlàyé náà dùn létí, ó sì rọrùn láti yà sójú pátákó ìkọ̀wé. Ní ọdún 1975, A. M. O. Smith, onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ Douglas ní Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gba inú àlàfo kò ní agbára àrà ọ̀tọ̀ kankan ju ti ìyókù tó yí apá ká lọ.

Ohun tí Smith sọ ṣe é fi kẹ̀kẹ́ ọ̀nà Ìdànrè ṣàlàyé. Ní àkọ́kọ́, pátákó iwájú ń yí ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà tó bẹ́ẹ̀ tí òkè tí afẹ́fẹ́ ní láti gùn lórí apá ẹ̀yìn kò fi ní ga tó bí ìbá ti ga bí apá ẹ̀yìn náà bá dá wà. Ní ìdàkejì, fíláàpù tó wà lẹ́yìn ń mú kí afẹ́fẹ́ tó ń kúrò ní etí apá iwájú bọ́ sí ibi tí eré ṣì wà. Kò pọn dandan fún un láti gun òkè tirẹ̀ dé ṣóńṣó. Ní ìkẹta, afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ awọ kì í ti iwájú rìn dé ẹ̀yìn pátápátá. Àlàfo gé e, pátákó kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn tirẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò tíì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́rin tó ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn níbi eré ìje. Smith ka márùn-ún lápapọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta yìí ni ó wúlò jù fún kíláàsì.

Àlàyé yìí ló tún jẹ́ kó yé wa ìdí tí ìwọ̀n àlàfo fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé fífẹ́ ni àlàfo ń fẹ́ni, kíkéré rẹ̀ ì bá máa dára sí i, bí ẹni tó fi ìka dí ẹnu páìpù omi kó lè tú jìnnà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àlàfo bá kéré jù, afẹ́fẹ́ tó ti rẹ̀ láti ara apá iwájú á dàpọ̀ mọ́ èyí tó lẹ̀ mọ́ fíláàpù, àwọn méjèèjì á sì jọ bọ́. Bí ó bá fẹ̀ jù, pátákó méjèèjì kò ní lè ran ara wọn lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n á di àjèjì sí ara wọn. Lórí ọ̀pọ̀ apá, ìwọ̀n tó dára kì í ju nǹkan bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìbú apá lọ. Bí ìbú apá láti iwájú dé ẹ̀yìn bá jẹ́ mítà 2, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4 nìyẹn, ìbú ìka ọwọ́ kan sí méjì. Orí ìka kan tàbí méjì yẹn ni ọkọ̀ òfurufú fi ń balẹ̀.

Nítorí náà ni ìṣàkóso àlàfo ṣe di iṣẹ́ ńlá fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Irin tí fíláàpù ń yọ́ lórí rẹ̀ kò tọ́ gbọọrọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí àlàfo lè wà ní ìwọ̀n tó yẹ ní gbogbo ipele tí fíláàpù bá dé, èyí tí a fẹ́ fi gbéra àti èyí tí a fẹ́ fi balẹ̀. Bí irin náà bá jẹ díẹ̀, tàbí tí etí pátákó bá wó sínú, ìwọ̀n náà ti yí padà nìyẹn, bí ojú lásán kò bá tilẹ̀ rí i. Lórí Boeing 787, tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ní ọdún 2011, àti Airbus A350, tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 2013, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi àgbékọ́ lásán so fíláàpù, wọ́n sì jẹ́ kí pátákó tó wà lókè etí apá máa tẹ̀ sísàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu bí yóò ti tẹ̀ tó, kí àlàfo má bàa fẹ̀ jù.

EMB 120 tó yẹ kó gúnlẹ̀ sí Àkúrẹ́ ní ọdún 2013 jẹ́ ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Embraer ti ilẹ̀ Bùràsíìlì ṣe fún èrò 30, tó sì kọ́kọ́ fò ní ọdún 1983. Fíláàpù Fowler ni ó ní. Kò sì ní àlàfo kan ṣoṣo. Méjì ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ìkìlọ̀ tó dún ní Èkó

Ọgbọ́n tó wà nínú apá kò wúlò bí a kò bá nà án jáde. Ilẹ̀ Áfíríkà ti fi ojú rí èyí ní Nairobi ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1974, nígbà tí Boeing 747 ti ilé-iṣẹ́ Lufthansa gbéra láìjẹ́ pé fíláàpù iwájú apá rẹ̀ jáde, nítorí pé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ tó ń ṣí wọn ń gbà wà ní títì. Nínú ènìyàn 157, 59 ló kú. Lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ayé túbọ̀ tẹnu mọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa pariwo bí awakọ̀ bá fẹ́ gbéra láìṣètò apá.

Àmọ́ ẹ̀rọ ìkìlọ̀ kò lè ju etí tó ń gbọ́ ọ lọ. Ní Madrid, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2008, ẹ̀rọ náà kò dún rárá. Àwọn awakọ̀ kò sì na fíláàpù, ènìyàn 154 sì ṣòfò. Ní Buenos Aires, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1999, ó dún, àwọn awakọ̀ sì ń bá ìrìn wọn lọ. Ẹni 65 ló kú. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó sún mọ́ ti Buenos Aires.

Gẹ́gẹ́ bí ìjábọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ AIB ti sọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ ti ọwọ́ agbára ẹ́ńjìnnì síwájú ni agogo dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ohùn ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé fíláàpù kò sí ní ipò tó yẹ fún ìgbéra. Ìkìlọ̀ náà kò dà bí ohun tó ya àwọn awakọ̀ lẹ́nu. Àjọ náà sọ pé ẹ̀rí díẹ̀ wà pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pinnu láti má lo fíláàpù, ṣùgbọ́n pé àwọn kò tíì lè fìdí ipò tí ó wà gan-an múlẹ̀. Láìpẹ́, ohùn náà fi ọ̀rọ̀ nípa abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kún ti fíláàpù. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún kò fún ọkọ̀ ní agbára tó èyí tí ti òsì ń fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pe eré 80 nọ́ọ̀tì, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 148 ní wákàtí kan, igbákejì awakọ̀ béèrè bóyá kí wọ́n dá ìgbéra náà dúró. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí wọ́n gbé imú ọkọ̀ sókè tí ìkìlọ̀ ìdákú apá fi dún. Ìṣẹ́jú-àáyá 31 lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ibí yìí ni ẹni tó ń kọ́ ìtàn ti ní láti fara balẹ̀. Yóò rọrùn fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa àlàfo láti sọ fún kíláàsì pé àìna fíláàpù ló pa àwọn ènìyàn náà. Ìjábọ̀ ìkẹyìn AIB kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìpinnu láti máa bá ìgbéra lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀tún kò ṣe bó ti yẹ, àti ìdákú apá nítòsí ilẹ̀ nítorí àìtó agbára, ni ó gbé sí ipò àkọ́kọ́. Ó tún mẹ́nu ba ìwà iṣẹ́ àwọn awakọ̀, àṣà iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, àti àìtó àbójútó láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ìmọ̀ nípa apá náà sì kìlọ̀ fún wa kí a má sọ̀rọ̀ sáré. Fíláàpù ń fi agbára ìgbéga kún apá, ṣùgbọ́n ó tún ń fi ìfàsẹ́yìn kún un. Fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ tó, èrè àti àdánù rẹ̀ kò ṣeé fi ẹnu lásán wọ̀n. Ohun tí ẹ̀rí gbé dúró ni pé ìkìlọ̀ nípa fíláàpù ni ohùn àkọ́kọ́ tó sọ pé kí ọkọ̀ yẹn dúró, nígbà tí ó ṣì wà nílẹ̀, tí ojú ọ̀nà sì ṣì kù níwájú.

Àlàfo nínú kíláàsì

Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà. Iṣẹ́ náà fi hàn pé èdè náà kò dí ìmọ̀ lọ́nà. Ohun tó máa ń dí i lọ́nà ni olùkọ́ tó há àlàyé sórí láì yẹ̀ ẹ́ wò, ní èdèkédè. Àlàyé tí Smith wó lulẹ̀ ní ọdún 1975 ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni èkejì rẹ̀ tó sọ pé afẹ́fẹ́ orí apá gbọ́dọ̀ sáré kó lè bá ti ìsàlẹ̀ dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí òfin kankan tó ní kí àwọn méjèèjì jọ dé. Èyí tó gba òkè tilẹ̀ máa ń ṣáájú.

Olùkọ́ tó wà ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ kò nílò ihò ẹ̀fúùfù Göttingen kó tó lè fi àlàfo hàn. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń lẹ òwú gígùn díẹ̀díẹ̀ mọ́ orí apá láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti bọ́: òwú á sùn níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, á sì máa jó síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tó bá ti bọ́. Páálí, òwú ìránṣọ, àti fáànù tó ń dúró nílẹ̀ tó fún èyí. Afẹ́fẹ́ fáànù máa ń yí bírí, nítorí náà kí olùkọ́ di ọ̀pọ̀ páìpù tí a fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó gbé wọn sí iwájú fáànù kí afẹ́fẹ́ lè jáde tààrà. Kí ó fi páálí ṣe apá, kí ó sì kọ́kọ́ so etí ẹ̀yìn tó tẹ̀ mọ́ ọn láìsí àlàfo, kí àwọn ọmọ sì sọ ibi tí òwú ti ń jó. Lẹ́yìn náà kí ó gé etí náà kúrò, kí ó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú àlàfo tóóró, kí ó sì máa yí ìwọ̀n àlàfo náà padà díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó rí ìwọ̀n tó yẹ. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, pàápàá àwọn ìwọ̀n tí òwú kò ti sùn.